Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé, Ẹ Kọ́kọ́ Fi Ẹsẹ̀ Rìn Ín: Ohun Tí A Rí Káàkiri Ìbàdàn

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ nítorí ilé. Ẹlòmíràn ń dá èésú, ẹlòmíràn ń fi tirẹ̀ sí báǹkì, ẹlòmíràn sì ti ra búlọ́ọ̀kù jọ kí ó tó rí ilẹ̀ tí yóò kó o sí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀: kí ẹ tó sanwó ilé tàbí ilẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín, ẹ fi ẹnu yín bèèrè rẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé rẹ̀ tán pátápátá.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí ọkùnrin kan nínú àwọn tí ó ń kírun ní mọ́sálásí wa ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí fún òun. Mo lọ tèmi ti láwàní mi, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní omi tútù, mo ṣe àdúà, mo sì fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà. Kò ju ọdún méjì lọ tí àwọn ẹbí tí ó ni ilẹ̀ fi dé. Ọmọ ẹbí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ta ilẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n olórí ẹbí kò mọ̀ sí i, àwọn àgbà kò sì gbọ́ nípa rẹ̀. Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe pàdánù owó rẹ̀ àti ìpìlẹ̀ tí ó ti fi lélẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn wò mí, ó ní, “Àlùfáà, nítorí pé ẹ ti fọwọ́ sí i ni èmi náà ṣe fọwọ́ sí i.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò ní etí mi títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí Àlájà kan nínú ẹgbẹ́ àsàláátù wa wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásàrì, pé òun fẹ́ ra ilé kékeré kan, àti pé kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀rù bà mí. Opó ni Àlájà yìí. Aṣọ ni ó ń tà ní Gbági, ó sì ti tó ogún ọdún tí ó ti ń fi owó náà pamọ́. Mo ní, “Àlájà, n kò ní fọwọ́ sí ohunkóhun àfi bí èmi pẹ̀lú yín bá jọ rìn ín.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlùfáà, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n bí owó mi bá ṣòfò, gbogbo ara ni yóò dùn mí.” Bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé n'Ìbàdàn, orí òkè Mápó ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn ńlá olópòó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ó rí Ọjà'ba àti mọ́sálásí ńlá nísàlẹ̀, ẹ ó sì rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, ọ̀kan lórí èkejì, títí ojú yín kò fi ní rí òpin rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wo òrùlé nìkan. Ẹ wo bí ilẹ̀ ti ga tí ó sì tún ń lọ sílẹ̀. Òkè pọ̀ n'Ìbàdàn, ibi tí òkè bá sì pọ̀ sí, àfonífojì kò lè ṣàì wà níbẹ̀. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sórí àwọn òkè wọ̀nyí, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà láti ayébáyé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé.

Ilé àkọ́kọ́ tí alárinà mú wa lọ wò wà nísàlẹ̀, nítòsí odò kékeré kan tí ó ń ṣàn bọ́ sínú Ògùnpa. Oníyàrá mẹ́rin ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà funfun kùn ún, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Alárinà ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Mo ń wo òrùlé, mo ń ka fèrèsé. Àlájà ní tirẹ̀ kò wo ilé náà pẹ́. Ògiri ilé kejì tí wọn kò kùn ni ó ń wò. Ìlà kan wà lára ògiri náà, ó rí bí ẹni fi ẹrẹ̀ fà á, ó sì ga tó ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ó tún rí i pé wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tí ó wà ní àdúgbò náà sókè. Kókò sì ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá kan ń dín àkàrà ní ìkọjá ọ̀nà. A ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, Àlájà sì bi í léèrè bí ibẹ̀ ti rí. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ẹ lọ, kí ẹ padà wá wò ó nígbà tí òjò bá rọ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa kì í ṣe ìtàn lásán. Ní ọjọ́ 31 oṣù August 1980, òjò ńlá rọ̀, odò náà kún kọjá ààlà, ó gbé ènìyàn, ó gbé ọkọ̀, ó wó ilé. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù August 2011, omíyalé tún ṣe bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ̀mí tí ó bá a lọ tún lé ní ọgọ́rùn-ún, afárá Apẹ̀tẹ̀ sì wà lára àwọn tí omi gbé lọ. Ilé tí omi ń wọ̀ kì í sọ fún ẹni tí ó ń rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ẹ lọ wo ilé lẹ́ẹ̀mejì: ẹ lọ nígbà òjò kí ẹ lè mọ ibi tí omi ń gbà, ẹ sì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ lè mọ̀ bóyá omi ń bẹ nínú kànga. Ẹ lọ lóru náà pẹ̀lú, kí ẹ gbọ́ ariwo àdúgbò, kí ẹ sì rí bí ọ̀nà ti rí. Ọ̀dà tuntun lè bo ògiri ẹni tí ó ń tà, ṣùgbọ́n kò lè bo ti aládùúgbò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àárín ìlú ni a lọ, nínú agboolé kan tí kò jìnnà sí Ọjà'ba. Ilé bàbá kan tí ó ti kú ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ni ó ń tà á, ó ti mú rìsíìtì dání, ó sì ń yá a lára kí a sanwó. Kò jọ olè lójú mi. Ó ní àìsàn ń ṣe ọmọ òun, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an. Àlájà ní òun fẹ́ wo ẹ̀yìn ilé. Níbẹ̀ ni ó ti bá obìnrin kan tí ó ń sá èlùbọ́ sórí ẹní. Wọ́n kí ara wọn, Àlájà sì ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilé?” Obìnrin náà dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ilé wo? Ilé bàbá mi tí mo ti padà wá jókòó yìí? Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó ń tà á. Kò sí ẹni tí ó bi mí.”

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan ń sọ pé ọmọbìnrin tí ó ti re ilé ọkọ kò ní ohun kan í ṣe nínú ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àṣà Yorùbá, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni òfin. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, ilé ẹjọ́ gbà pé obìnrin náà lè di olórí ẹbí bí ó bá jẹ́ òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ tí ó kù. Ní ti ìsìn wa, Suratun-Nisai ti pín ogún: ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀, ìyàwó olóògbé náà sì ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí olóògbé bá fi ọmọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ilé òkú lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo, ẹjọ́ ni ó fi owó rẹ̀ rà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. N'Ìbàdàn, mọ́gàjí ni olórí agboolé. Bí ẹnikẹ́ni bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí wà níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí nìkan bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n gbà á padà. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fi èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959. Ẹ rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin mọ́sálásí wa gan-an nìyí. Ká ní mo bèèrè pé, “Níbo ni olórí ẹbí wà?” gbólóhùn kan yẹn ni ì bá gba owó rẹ̀ là.

A kò fi ọmọkùnrin náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlájà bá a jókòó, ó ní, “Ọmọ mi, pe ẹ̀gbọ́n rẹ, pe ìyá rẹ, pe gbogbo yín jọ. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì lágbára, kí ó ra ìpín àwọn yòókù, kí ilé má bàa bọ́ sọ́wọ́ àlejò.” Ìmọ̀ràn yìí ni mo fi fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tajà náà. Ẹ parí ọ̀rọ̀ inú ilé kí ẹ tó pe oníbàárà. Ẹ wá gbogbo ìwé yín jọ. Ẹ san gbèsè tí ó wà lórí ilé, tàbí kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Bí òrùlé bá ń jò, bí ṣáláńgá bá ti kún, ẹ sọ ọ́. Ìsìn wa kọ̀ fún ẹni tí ó ń tajà láti fi àbùkù ọjà pamọ́, ẹni tí ẹ bá sì sọ òótọ́ fún ni yóò tètè sanwó.

Ilé kẹta wà ní ọ̀nà Mọ́níyà. A wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, a gba Agodi kọjá, a dé Sẹkitéríà níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, a kọjá Bódìjà. Ilé iṣẹ́ tí ń kọ́lé fún ará ìlú, tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ìgbà náà dá sílẹ̀ ní 1958, ni ó tẹ Bódìjà dó. Ẹ wo ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọjá: wọ́n la ọ̀nà, wọ́n wa gọ́tà, kí wọ́n tó kọ́lé. Lẹ́yìn èyí a kọjá Yunifásítì, a kọjá Òjòó, a sì dé Mọ́níyà, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí ó ń lọ sí Èkó wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wá ilẹ̀ ní agbègbè náà. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń dù ilẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jùlọ.

Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀, wọn kò tíì rẹ́ ẹ. Bàbá tí ó ni ín fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ibi gíga ni ó wà, ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà sì ní omi kò wọ ibẹ̀ rí. Bàbá náà mú ìwé tí ó gbà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ jáde: orúkọ olórí ẹbí wà níbẹ̀, orúkọ àwọn àgbà ẹbí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún mú ìwé ìwọnlẹ̀ jáde. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ sí i. Alárinà ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó lọ́la. Àlájà ní, “Kí ó máa bọ̀. Bí ó bá jẹ́ tèmi, yóò dúró dè mí.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni a fi wádìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe é. A wá awọnlẹ̀ tiwa, tí ó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe èyí tí alárinà mú wá. Ó wọn ilẹ̀ náà, ó sì gbé ìṣirò rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà fún ọ̀nà tàbí iṣẹ́ mìíràn. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà wa lọ yẹ ìwé wò níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn tàbí wọ́n ti fi yáwó. Èmi pẹ̀lú Àlájà lọ kí olórí ẹbí onílẹ̀, a sì lọ bá lèmọ́mù mọ́sálásí tí ó wà nítòsí. Àwọn aládùúgbò mọ ohun tí ìwé kò mọ̀.

Ilẹ̀ náà mọ́, àfi ohun kan. Awọnlẹ̀ rí i pé ọgbà tí bàbá náà mọ ti wọ ilẹ̀ ẹnì kejì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Alárinà ní kí a dákẹ́, ó ní ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà kò sí nílé, kò sì mọ̀. Mo wo ojú Àlájà. Ó ti gbọ́ wàásù lórí ẹni tí ó gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ó kéré tó, pé wọn yóò fi ilẹ̀ méje kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mẹ́fà kò tó ohun tí èmi yóò rù dé ibẹ̀.” A sọ fún bàbá náà, ó wó ọgbà náà, ó tún un mọ sí ibi tí ó yẹ, ó sì dín owó rẹ̀ kù.

Ó wá ku orúkọ. Ọmọ Àlájà tí ó wà ní Èkó ní kí wọ́n kọ ilé náà sí orúkọ òun, pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rọrùn. Ọmọ rere ni, kò ní èrò búburú. Àlájà bi mí ní ohun tí mo rí sí i. Mo ní, “Àlájà, owó ta ni?” Ó ní, “Owó mi.” Mo ní ìsìn wa kò gba ohun ìní obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á fún ọmọ, bí Ọlọ́run bá pè é, ọmọ yóò jogún rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ̀lú yóò sì rí tiwọn gbà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí lọ́yà kọ orúkọ òun sí i, kí ó kọ ọ́ gàdàgbà.

Àlájà kò ka ìwé òyìnbó. Òfin wa ní ẹni tí ó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á fún un ní èdè tí ó gbọ́ kí ó tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè èyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlájà ní kí wọ́n ka tirẹ̀ fún òun. Báǹkì ni ó gbà san owó náà, kò kà á sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó sì ti ya owó mìíràn sọ́tọ̀ fún lọ́yà, fún awọnlẹ̀, àti fún ìwé ìyọ̀ǹda gómìnà, nítorí pé ilé tí a rà tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹlẹ́rìí méjì ni a nílò. Èmi ni ẹnìkan. Mo lọ sí ilé ọkùnrin tí ó pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ nítorí mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ṣe ẹnì kejì. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó wá. Ó mú awò ojú rẹ̀ jáde, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bi lọ́yà ní ìbéèrè mẹ́ta, ó sì tún un kà. Nígbà tí ó fọwọ́ sí i tán, ó na kálàmù sí mi, ó ní, “Àlùfáà, ó kàn yín. Ẹ kà á.” Mo kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilé kì í sá lọ. Ẹni tí ó bá ń lé yín pé kí ẹ sanwó kíákíá, ẹ fura sí i. Ẹ wo ibi tí omi ń gbà, ẹ bi àwọn ọmọbìnrin ilé, ẹ wá olórí ẹbí, ẹ wọn ilẹ̀, ẹ yẹ ìwé wò, ẹ kọ orúkọ ara yín. Bí wọ́n bá sì pè yín láti ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ rántí pé ọwọ́ yín ni ẹlòmíràn yóò wò tí yóò fi san owó ogún ọdún. Kí Ọlọ́run fún olúkúlùkù wa ní ilé tí ó tura láyé, kí ó sì fún wa ní èyí tí ó dára jù ú lọ lọ́run. Àmín.